Bọ́ì Olówó Pọ́ọ́kú Lójú Òkun Ayétòrò: Ohun Tí A Ṣe, Ohun Tó Bàjẹ́, Ohun Tó Dúró

Ní Ayétòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sẹ́ni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé òkun ń wọ̀lú. Ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947 ti pàdánù ilé àti òpópónà sọ́wọ́ omi. Ohun tí a kò ní lọ́wọ́ ni nọ́ńbà. Báwo ni ìgbì ṣe ga tó lóṣù kẹjọ? Ọjọ́ wo ni omi tútù dé? Ìgbà wo ni iyọ̀ inú omi já wálẹ̀ nítorí òjò tó rọ̀ lókè odò? Ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tó ń wo ìgbóná omi láti òkè kì í ríran kọjá ìkúukùu, bẹ́ẹ̀ ìkúukùu ló máa ń bo ojú ọ̀run wa nígbà òjò. Àwọn bọ́ì ńláńlá PIRATA tí Amẹ́ríkà, Faransé àti Brasil ń tọ́jú láti 1997 wà ní àárín agbami. Ọ̀kan nínú wọn wà níbi tí ìlà 0° tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù àti ìlà 0° tó pín in sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ti pàdé gan-an. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ gbogbo ayé ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò lè sọ fún apẹja bí iwájú ilé rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ yìí.

Bọ́ì tí mò ń sọ ni ohun tó ń léfòó lójú omi, tí okùn so mọ́ ìsàlẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń wọn omi wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lókè òkun ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan fẹ́ èyí tí a lè fi ohun tó wà lọ́jà Ìgbókòdá àti Computer Village n'Íkẹjà kọ́, tí ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò. Ẹ ka ohun tó bàjẹ́ dáadáa ju ohun tó ṣiṣẹ́ lọ, torí ibẹ̀ ni owó yín ti máa ń ṣòfò.

1. Ohun tí yóò máa wọ̀n

Nǹkan mẹ́ta la mú: ìgbóná omi, iyọ̀ inú omi, àti ìgbì: bó ṣe ga tó, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. A fi ọ́síjìn inú omi sílẹ̀, a fi pH (bí omi ṣe kan tó) náà sílẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjèèjì wọ́n, wọ́n sì máa ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Nọ́ńbà tí kò ṣeé gbára lé burú ju kí nọ́ńbà má sí lọ, nítorí apẹja yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé e.

Ibi tí a yàn fi bíi kìlómítà 2 jìnnà sí etí omi. Okùn tí a so òjé mọ́ la fi wọn jíjìn rẹ̀: mítà 6 nígbà tí omi bá fà tán. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó. Etíkun Màhín tí Ayétòrò wà, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ tí ẹsẹ̀ ń rì sí, èyí sì yí ohun púpọ̀ padà nígbà tó kan ìdákọ̀ró.

2. Ara bọ́ì

Páìpù PVC onínṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò la gé ní mítà 1. Ìnípọn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ mílímítà 110. A fi gọ́ọ̀mù páìpù lẹ ìdérí tí kì í ṣí mọ́ ìsàlẹ̀. Òkè ni a fi ìdérí tí wọ́n ń yí wọlé sí, pẹ̀lú òrùka rọ́bà tí a fi gírísì pa.

Ìṣirò tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó gé ohunkóhun nìyí. Tí gbogbo páìpù náà bá rì, omi tó máa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ bíi lítà 9.5. Lítà omi òkun kan wúwo tó kílò 1.025. Omi lè gbé bíi kílò 9.7 fún yín nígbà náà, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù, bátìrì àti ẹ̀rọ wa kò tó kílò 4. A da òjé pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, kílò 2.5, sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí bọ́ì lè dúró ṣánṣán.

Nínú ọ̀sà, ó dúró bí a ṣe fẹ́. Lójú òkun, ìṣàn omi fa okùn, okùn fa bọ́ì, bọ́ì sì wọ abẹ́ omi pẹ̀lú sólà àti eriali. Agbára tó ṣẹ́ kù fún un kò tó láti fi bá okùn jà. A ní láti fi nǹkan tó ń léfòó kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì onílítà 5, mẹ́rin, la so yí ọrùn páìpù ká. Ìyẹn fi bíi kílò 20 kún agbára rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kò tó fún òkun, nítorí tí ọ̀kan bá jò, bọ́ì á dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan. A fọ́ fóòmù funfun tó máa ń wà nínú pálí tẹlifíṣọ̀n sí wẹ́wẹ́, a sì ki í sínú kẹ́ẹ̀gì títí ó fi kún. Bí ihò bá yọ, omi kò níbi gbà. Ẹ kíyè sí i o: kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé bẹntiróòlù rí kò ṣeé lò. Ọ̀kan nínú tiwa rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ yọ́ fóòmù náà di ohun tó ń lẹ̀ tìmọ̀tìmọ̀ ní ìdí kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà ni kí ẹ wá, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.

Àwọ̀ ìyeyè ni a kùn ún. Nínú òfin àmì ojú omi tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, ìyeyè ni àwọ̀ bọ́ì tó ń wọn òkun, iná rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyeyè, kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá. Gílóòbù LED kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ojú omi kí ẹ tó gbé ohunkóhun kalẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ń gbà.

3. Iná

Bátìrì irú 18650, mẹ́rin, tí a tú jáde nínú bátìrì láápútọ́ọ̀pù àtijọ́ la so pọ̀. Kí ẹ tó lò wọ́n, ẹ gba agbára sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó kún, kí ẹ sì wọn ohun tó lè tú jáde. Èyí tí kò bá tó 2,000 mAh, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́rin tó dára yóò fún yín ní bíi 8,000 mAh.

Bọ́ì ń jí ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ó ń fi ogún ìṣẹ́jú wo ìgbì, ó ń wọn ìgbóná àti iyọ̀, ó ń fi bíi ìṣẹ́jú kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì ń padà sùn. Bọ́ọ̀dù ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí bọ́ì, ń jẹ bíi 50 mA nígbà tó bá wà lójúfò tí Wi-Fi rẹ̀ kò tàn. Tí a bá pín gbogbo iṣẹ́ yẹn sórí wákàtí mẹ́ta, kò ju 6 mA lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì ń tán kíákíá. Nígbà tí a fi mítà sí i, a rí i pé 10 mA ni bọ́ọ̀dù ń jẹ nígbà tó ń sùn. Gílóòbù pupa kékeré orí rẹ̀, régúlétọ̀ tó ń ṣètò iná àti ẹ̀rọ ojú USB kò sùn rárá. Oorun ń jẹ iná ju iṣẹ́ lọ.

A fi bọ́ọ̀dù ńlá sílẹ̀, a lo ESP32 lásán pẹ̀lú régúlétọ̀ tí kì í jẹ iná púpọ̀. Oorun já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 1 mA. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 15 mA, 8,000 mAh yóò gbé e fún ọjọ́ 22 láìsí oòrùn. Ní 7 mA, ó ń lọ sí bíi ọjọ́ 47. Nígbà tí òjò bá ṣú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyàtọ̀ yìí ni yóò pinnu bóyá bọ́ì á wà láàyè.

Sólà oní-6 V tó jẹ́ wáàtì 2 ló ń kún bátìrì láti ọwọ́ ẹ̀rọ TP4056. Ẹyẹ òkun ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ń bà lé e, wọ́n ń yàgbẹ́ sí i, ìgbẹ́ náà sì ń dì bí ẹfun. Okùn ike tí wọ́n fi ń di wáyà la dì yí etí sólà ká, tí a jẹ́ kí ìrù wọn nà sókè gọn-ín-gọn-ín. Ẹyẹ kò rí ibi bà mọ́.

Ẹ má ṣe gbé bátìrì sí òkè páìpù lábẹ́ sólà. Kò yẹ kí bátìrì lítíọ́ọ̀mù máa gba agbára tí ìgbóná bá ti kọjá 45 °C, oòrùn ọ̀sán sì lè mú inú páìpù tó dí dé ibẹ̀. A gbé tiwa sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi yí páìpù ká. Omi ń mú un tutù, ìwúwo rẹ̀ náà sì ń ran bọ́ì lọ́wọ́ láti dúró. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí ìdérí, ẹ yí ojú yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì ṣí i díẹ̀díẹ̀: bátìrì tó bá ti bàjẹ́ lè ti kó gáàsì jọ sínú.

4. Fífi iṣẹ́ ránṣẹ́

SIM800L ni a lò, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba síìmù káàdì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G nìkan ló mọ̀, ó sì tó fún àtẹ̀jíṣẹ́. Ó fẹ́ iná láàárín 3.4 V sí 4.4 V, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń pe ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè fa áńpíà 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tín-ín-rín tí a kọ́kọ́ lò kò lè gbé e. Iná á já, ẹ̀rọ á kú, á tún jí, á tún pe, á tún kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ju ẹ̀rọ yìí nù wí pé kò dára, wáyà wọn ni kò dára. A so ó tààrà mọ́ bátìrì pẹ̀lú wáyà nínípọn tó kúrú, a sì fi kàpásítọ̀ 1000 µF, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, sí ẹnu rẹ̀. Kò kú mọ́.

Eriali bíi sípíríǹgì tó bá a wá kò wúlò lójú omi. Bí ìgbì bá gbé bọ́ì sọ sínú kòtò, omi á dúró láàárín eriali àti etíkun. A gbé eriali òde sórí ọ̀pá páìpù tóóró tó ga ní mítà 1. Ohunkóhun tí kò bá lọ, mẹ́mórì káàdì ń pa á mọ́, ó sì ń tún un fi ránṣẹ́ nígbà tó bá tún jí.

5. Ìgbóná omi

Sẹ́ńsọ̀ DS18B20 onírin ló rọrùn jù, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Ìwé rẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ ṣìnà ju 0.5 °C lọ. Ẹ fọ́ omi dídì wẹ́wẹ́, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó, ẹ ki gbogbo sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́ pa pọ̀. 0 °C ló yẹ kí wọ́n kà. Nínú márùn-ún tí a rà, méjì kọjá 1 °C. A dá wọn padà fún ọlọ́jà, ó sì pààrọ̀ wọn.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ lójú omi, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pé omi gbóná tó 85 °C. Ẹ má jáyà tí ẹ bá rí i. 85 ni nọ́ńbà tó máa ń wà nínú DS18B20 nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò tíì wọn ohunkóhun. Tí ẹ bá rí -127, ètò kọ̀ǹpútà kò rí sẹ́ńsọ̀ rárá ni. Nínú tiwa, ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ: omi iyọ̀ ti wọ ibi tí wáyà ti wọnú irin. Gọ́ọ̀mù fóò mínìtì la fi dí i tẹ́lẹ̀. Ó ń gan kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi òkun ń mú un rọ̀. Irú gọ́ọ̀mù oníke méjì tó ń gba òru kan kó tó gan ni ẹ rà. Ẹ fi yánpẹ́pà ha páìpù àti irin kí ẹ tó fi lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣí.

6. Iyọ̀

Omi iyọ̀ ń gbé iná ju omi tí kò níyọ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀pá méjì sínú omi, ẹ wo bí iná ṣe ń kọjá láàárín wọn, ẹ ó mọ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Wàhálà wà nínú ọ̀pá.

Ìṣó stenlẹ́ẹ̀sì la kọ́kọ́ lò, tí a jẹ́ kí iná máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá. Ọ̀kan jẹ títí ó fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, èkejì sì hu ẹfun sí ara. Ohun méjì ló wo èyí sàn. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ESP32 máa yí ọ̀nà iná padà nígbà gbogbo, kó wá láti ọ̀tún, kó wá láti òsì, kó má sì tan ju ìgbà tó ń wọ̀n lọ. Èkejì, ẹ tú bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ẹ yọ ọ̀pá èédú dúdú tó wà láàárín rẹ̀. Ọ̀pá yẹn kì í dípẹtà, ọ̀fẹ́ sì ni. A ki méjì sínú ọ̀rá páìpù kékeré, wọ́n jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 2.

Láti mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà, ẹ po omi iyọ̀ fúnra yín. Omi òkun gidi ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílò kan. Ẹ gbẹ iyọ̀ inú ilé ìdáná lórí iná kó má bàa ní ọ̀rinrin, ẹ wọn gíráàmù 35, ẹ fi omi bátìrì ọkọ̀ (omi mímọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, kì í ṣe ásíìdì) gíráàmù 965 pò ó. Omi ẹ̀rọ ìlú kò dára fún èyí, ó ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Ẹ tún po èyí tó jẹ́ 5, 10 àti 20. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò bá iyọ̀ òkun mu tán, síbẹ̀ ó súnmọ́ ọn tó fún iṣẹ́ yìí. Bí omi bá gbóná sí i ní 1 °C, iná tó ń kọjá ń fi bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí ẹ kò bá yọ ìyẹn kúrò, ọ̀sán yóò máa ní iyọ̀ ju òru lọ nínú ìwé yín, irọ́ sì ni.

Nọ́ńbà iyọ̀ tiwa lọ dáadáa, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A rò pé omi odò Olúwa ló ń dé. Ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Nígbà tí a gbé bọ́ì sókè, ewé omi tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ti bo ẹnu ọ̀rá páìpù, àwọn ẹran omi kéékèèké onígbá funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ sì ti kọ́ ilé sínú rẹ̀. Wọ́n dínà iná, ẹ̀rọ sì rò pé iyọ̀ ló dín kù. Kò sí ẹ̀rọ inú omi tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n kórìíra ni bàbà. Wáyà bàbà inú fáànù tó ti jó la fi iná sun kí àwọ̀ ara rẹ̀ lè bọ́, a hun ún bí àwọ̀n yí ẹnu páìpù ká, ó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀pá èédú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan irin aluminíọ́ọ̀mù kankan, nítorí nínú omi iyọ̀, bàbà á jẹ ẹ́ tán. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, fóòmù ìfọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ṣì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

7. Ìgbì

MPU6050 jẹ́ ẹ̀rọ tó kéré ju èékánná lọ. Ó ń mọ̀ bí wọ́n bá gbé e sókè tàbí jù ú sílẹ̀. Láti inú ìyẹn la ti ń ṣírò gíga ìgbì. A kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá kàn ṣe ìṣirò náà ní tààrà, àṣìṣe kékeré á máa gorí ara wọn títí bọ́ì yóò fi sọ pé òun ti fò lọ sókè ọ̀run. Pípín ìgbì sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí gígùn àkókò wọn ló yanjú rẹ̀, kí a sì da gbogbo èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 25 nù. Gíga tí àwọn onímọ̀ òkun ń lò ni ìlọ́po mẹ́rin bí ojú omi ṣe ń yà kúrò ní ìpele rẹ̀ (ohun tí wọ́n ń pè ní standard deviation).

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń sọ òótọ́ kí ẹ tó dé òkun? Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ ológeere dé. Ẹ so àpótí ẹ̀rọ rọ̀ mọ́ táyà rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín, kó máa rọ̀ bí àwọn àga tó wà lára ẹ̀rọ yíyí ọmọdé, kó má dojú dé. Ẹ fi ọwọ́ yí i lọ́ra, kó yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 6. Àpótí yóò máa lọ sókè sódò ní sẹ̀ǹtímítà 60. Nínú ìṣirò ìlọ́po mẹ́rin yẹn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 85 ló yẹ kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí 60, ètò yín kò tọ́ bó tilẹ̀ jọ pé ó tọ́.

8. Ìdákọ̀ró

A da kọnkéré sínú ike ọ̀dà onílítà 20. Ìwúwo rẹ̀ tó kílò 48 ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òkun, kílò 27 àti ààbọ̀ péré ló kù. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn yóò wá bọ́ì rẹ̀ tì. Ẹrẹ̀ Màhín ràn wá lọ́wọ́: kọnkéré rì sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ sì dì í mú. Fífà á jáde ni iṣẹ́ ńlá, nítorí náà ẹ má ronú pé ẹ ó máa gbé e kiri.

Okùn gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta jíjìn omi nígbà tí omi bá kún. A lo mítà 22. Okùn ike tó gbajúmọ̀ lọ́jà máa ń léfòó, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sì fi pròpẹ́là wé e. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà gé e, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gé e. Àwọn apẹja ló kọ́ wa ní ohun tí àwa ìbá ti mọ̀: òjé tí wọ́n ń so mọ́ ìdí àwọ̀n la so mọ́ àárín okùn, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ibi tí okùn ti kan òrùka irin ló máa ń kọ́kọ́ já. Mítà 2 ṣéènì àtijọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí, a fi ọ̀rá họ́ọ̀sì bo okùn níbi tó ti wọ ṣéènì, irin tó ń yí pòòyì sì wà lábẹ́ bọ́ì kí okùn má bàa lọ́ra.

9. Àwọn olómi

Wọ́n yọ sólà àkọ́kọ́ kúrò lára bọ́ì lọ. A kọ ọ́ sí ara èkejì pé kò sí owó nínú rẹ̀, wọ́n tún yọ ọ́. Bàbá kan tó ti ń dẹ àwọ̀n láti kékeré wo èyí tí a ń tún ṣe. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ni nǹkan yìí?"

Mo ní, "Bàbá, ti gbogbo wa ni."

"Bó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ìpín tèmi dà? Kí ló ń sọ fún ẹ tí kò sọ fún mi?"

Mi ò ní èsì, nítorí orí kọ̀ǹpútà wa ni gbogbo nọ́ńbà ń lọ. A tún kóòdù kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Báyìí, kí ọkọ̀ tó jáde ní ìdájí, àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ sí fóònù olórí àwọn apẹja ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú bíi "Ìgbì mítà 1.4, àáyá 13. Omi 27." Àwọn ló pinnu nọ́ńbà tí ọkọ̀ kékeré kò ní jáde sí, kì í ṣe èmi. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan sólà. Nígbà tí bọ́ì já nínú ìjì, apẹja ló fà á wá sílé kí a tó mọ̀ pé ó ti já.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ìpele yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fún àwọn olómi ní nọ́ńbà kí ẹ tó fún ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí NIOMR, ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n ti mọ̀ pé ìgbì lè ga ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ohun tí bọ́ì fi kún un ni pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 14, èyí tó fi hàn pé ìjì tó jìnnà réré ní gúúsù Àtìláńtíìkì ló bí i. Mo sì ń rán wọn létí pé nọ́ńbà yẹn jẹ́ ti kìlómítà 2 sí etí omi. Ẹrẹ̀ ń gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ìgbì bó ti ń bọ̀, omi tó ń dín kù sì ń gbé e ga, nítorí náà ohun tó fọ́ sí ilẹ̀ lè yàtọ̀.

10. Owó

Ẹ̀rọ: ESP32 ₦10,500, SIM800L ₦8,000, DS18B20 ₦2,500, MPU6050 ₦4,500, bátìrì ₦6,000, TP4056 ₦1,200, sólà ₦7,000, wáyà, kàpásítọ̀, mẹ́mórì káàdì àti wíńríwínrí ₦6,300. Àpapọ̀ ₦46,000.

Ara bọ́ì: páìpù àti ìdérí ₦14,000, kẹ́ẹ̀gì ₦4,000, gọ́ọ̀mù ₦9,000, ọ̀dà ₦5,000. Àpapọ̀ ₦32,000.

Ìdákọ̀ró: okùn ₦15,000, ṣéènì àti irin ìdè rẹ̀ ₦18,000, sìmẹ́ǹtì àti òkúta ₦8,000, òjé ₦3,000. Àpapọ̀ ₦44,000.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦122,000, láìka epo ọkọ̀. Iye tí a rà á nìyí, ọjà á ti yí padà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ wò ó pé ₦76,000 lọ sí ohun tí kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán sí Computer Village, tó wá fi okùn àgbo so bọ́ì, ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ tọrẹ fún òkun.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Nígbà gbogbo tí a bá lọ fọ bọ́ì, a máa ń fi korobá bu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a fi tẹmọ́mítà tó dájú wọ̀n ọ́. Ìgbóná kì í fi ju 0.3 °C yàtọ̀. Iyọ̀ ń bá refractometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iyọ̀, tí a yá lọ́wọ́ olùtọ́jú edé mu dáadáa lẹ́yìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, ó ń yà díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Ìyẹn ni a ń bá jà lọ́wọ́lọ́wọ́: a fẹ́ gbé ọ̀pá èédú sínú ọ̀rá páìpù dúdú tó gùn sí i, nítorí ewé omi kì í hù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, kí a wo iye ọ̀sẹ̀ tí ìyẹn yóò fi kún un. Bọ́ì kejì ń lọ sí ẹnu ọ̀sà, kí a lè rí iyọ̀ níbi tí omi odò ti ń wọ òkun. Páìpù rẹ̀ ti gé, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti kún fún fóòmù. Kọnkéré rẹ̀ ló kù láti dà.